Ìyípadà Òfin Owó-Orí, àti Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Bá Wa Ṣírò Rẹ̀

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Kínní ọdún 2026, lẹ́yìn tí a ti gba oore-ọ̀fẹ́ tán, akápò ìjọ wa na fóònù rẹ̀ sí arákùnrin kan tí ó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ owó-orí, tí ó sì ti ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé kan náà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ tí ó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni ó wà nínú fóònù náà. Ó ń wí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà ni ìjọba yóò ti máa gba owó-orí lórí ìdámẹ́wàá àti ọrẹ inú ìjọ, àti pé inú àkáǹtì ìjọ ní báǹkì ni a ó ti máa yọ ọ́ láìbéèrè. Akápò fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Arákùnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ní òun yóò fún un lésì ní Ọjọ́bọ̀.

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ àwọn tí ó dúró yíká lọ́rùn. Ẹnìkan tilẹ̀ béèrè, nígbà tí ó ti lọ tán, pé kí ni ìwúlò ìwé-ẹ̀rí tí ó gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ bí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí n má parọ́, èmi pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò ní àárín ọ̀sẹ̀ náà, tí mo sì rí ohun tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀, mo rí i pé àwa ni a kò mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Tábìlì náà kún. Òfin àtijọ́ tí ó de owó-orí lórí owó tí ń wọlé fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ojú-ìwé rẹ̀ ti gbó, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí rẹ̀ káàkiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òfin titun ti ọdún 2025 wà, kì í ṣe ẹ̀dà kan bí kò ṣe méjì. Mo bi í léèrè pé èéṣe tí kò tíì kó ti àtijọ́ dànù nígbà tí titun ti dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn tí ó fún mi ni ó bí àkọsílẹ̀ yìí, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ ìjọ àti ẹ̀yin àlùfáà mọ bí àwọn tí a gbé ìwé ìṣirò wa lé lọ́wọ́ ṣe ń bá òfin tí kò dúró lójú kan rìn, kí a lè mọ ohun tí ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. (Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ fi orí jì mí, ọ̀rọ̀ ọrọọrún ni mo mú níbẹ̀.) Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ owó-orí ní Nàìjíríà láti ọdún 2020 wá mọ̀ pé ọrọọrún gan-an kò tó mọ́. Ohun tí ó sì ń kó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sínú wàhálà kì í sábà jẹ́ ohun tí kò mọ̀, nítorí ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, yóò lọ wá a. Èyí tí ó mọ̀ dájú, tí ó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́wàá láìwo ìwé, tí òfin sì ti yí i padà lẹ́yìn rẹ̀, níbẹ̀ ni ewu wà.

Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá kọ́ òfin owó-orí lẹ́ẹ̀kan lè máa jẹun lórí rẹ̀ pẹ́ títí. Ẹ wo owó-orí orí ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT. Ìdá 5 nínú 100 ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1994, bí a bá sì yọ ti ọdún 2007 kúrò, nígbà tí a gbé e dé ìdá 10 tí a sì dá a padà láìpẹ́, ó wà lójú kan títí di ọdún 2020. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìṣúná ti 2019, èyí tí ó sọ VAT di ìdá 7.5 láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì. Òmíràn tún jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, òmíràn sì tún jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2021. Ti ọdún 2023, ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ fọwọ́ sí i, nígbà tí ó ku ọ̀la kí ó fi ipò sílẹ̀. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ sì pàṣẹ ní oṣù Keje pé kí òfin náà má bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ó ti kọ oṣù Karùn-ún sínú ìwé rẹ̀ ní láti pa á rẹ́.

Ìyà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti jẹ èmi pàápàá rí. Ní oṣù Kejì 2020, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan bá wa tẹ kàlẹ́ńdà tí ó pẹ́ kí ó tó jáde, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ₦400,000. Ẹni tí ń bá wọn ṣírò owó kọ VAT ₦20,000 sínú ìwé owó, a sì san án. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá, wọ́n ní ₦30,000 ni ó yẹ kí ó jẹ́, kí a jọ̀wọ́ fi ₦10,000 kún un. A ti pa ìwé ìṣirò ìdajì ọdún náà dé. Kì í ṣe iye owó náà ni ó bí ìgbìmọ̀ ìnáwó nínú, bí kò ṣe pé gbogbo Nàìjíríà ti gbọ́ nípa ìyípadà náà lórí rédíò, tí ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́. Mo fura pé ó gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti mọ́ ìdá 5 lára.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí dàbí ìgbà tí a ń pààrọ̀ páànù orí ilé. Ti ọdún 2025 ni ó wó ilé náà láti tún un kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2023 ni Ààrẹ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Táíwò Oyèdélé láti tún gbogbo ètò owó-orí yẹ̀ wò. Àbá òfin mẹ́rin dé ọ̀dọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní oṣù Kẹwàá 2024, àríyànjiyàn púpọ̀ sì ṣẹlẹ̀ lórí wọn, pàápàá lórí bí àwọn ìpínlẹ̀ yóò ṣe máa pín owó VAT. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ni Ààrẹ fọwọ́ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin kan kó àwọn òfin owó-orí tí ó lé ní mẹ́wàá jọ sínú ìwé kan, ó sì pa wọ́n rẹ́: ti owó tí ń wọlé fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ti èrè ilé-iṣẹ́, ti VAT, ti èrè orí dúkìá tí a tà, ti owó òǹtẹ̀. Èkejì sọ bí a ó ṣe máa forúkọ sílẹ̀, bí a ó ṣe máa jábọ̀, àti ìyà ẹni tí ó bá kọ̀. Ẹ̀kẹta sọ àjọ FIRS di NRS. Ẹ̀kẹrin dá ìgbìmọ̀ tí ó pa àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní 2026 ni méjì àkọ́kọ́, tí ó kan ìṣirò gan-an, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìpín VAT kò yí padà nínú wọn. Mo mẹ́nu bà á nítorí iye àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n ń búra pé ó ti di ìdá 10, ìdá 7.5 ni ó wà níbẹ̀.

Kí a tó mọ ohun tí òfin titun ṣe sí owó oṣù, ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, kí a sọ pé ₦150,000 ni owó oṣù rẹ̀, pé kò sí owó ìfẹ̀yìntì tí a ń yọ, àti pé ₦300,000 ni ó ń san fún ilé tí ó ń gbé lọ́dún. ₦1,800,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún. Lábẹ́ òfin àtijọ́, a ó kọ́kọ́ yọ ₦200,000 fún un, a ó tún yọ ìdá 20 nínú 100 gbogbo owó rẹ̀, èyí tí í ṣe ₦360,000. Yóò ku ₦1,240,000 tí a ó ṣírò owó-orí lé lórí: ìdá 7 lórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 11 lórí ₦300,000 tí ó tẹ̀lé e, ìdá 15 lórí ₦500,000, ìdá 19 lórí ₦140,000 tí ó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦155,600.

Lábẹ́ òfin titun, àyọkúrò tí ó jẹ́ ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 yẹn kò sí mọ́. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ènìyàn san, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ti olùkọ́ wa yìí yóò jẹ́ ₦60,000. Yóò ku ₦1,740,000. A kò ní gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, ìdá 15 ni a ó sì gbà lórí ₦940,000 tí ó ṣẹ́kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦141,000. Ó fi ₦14,600 dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó gbọ́ nípa ₦800,000 náà, ìròyìn ayọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni, ṣùgbọ́n tí kò ka ibi tí òfin ti pa àyọkúrò àtijọ́ rẹ́, yóò fi ọwọ́ tí ó ti mọ́ ọn lára yọ ₦560,000 náà kúrò, yóò tún yọ ₦800,000 lé e. Yóò wá ṣírò ìdá 15 lórí ₦440,000 péré, yóò sì kọ ₦66,000. Inú olùkọ́ yóò dùn. Inú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yóò dùn. ₦75,000 ni a ti jẹ ìjọba lórí ẹnìkan ṣoṣo yẹn. Bí olùkọ́ bá jẹ́ 20 tí owó wọn dọ́gba, ₦1,500,000 ni lọ́dún kan. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá sì dé, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ ni wọn yóò wá, nítorí agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kí ó yọ owó náà kí ó sì san án. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní lè padà lọ gba owó ọdún méjì sẹ́yìn lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin àlùfáà ní ọ̀nà kan tí ó lè bọ́ sọnù. Ẹni tí ó ń gbé ilé ìjọ, tí kò san owó ilé, kò ní owó ilé tí yóò fi yọ ohunkóhun kúrò. Àyọkúrò àtijọ́ kò béèrè ibi tí ènìyàn ń gbé. Nítorí náà, àlùfáà àti olùkọ́ tí owó oṣù wọn dọ́gba lè máà san iye kan náà mọ́.

Èéṣe nígbà náà tí òfin àtijọ́ fi wà lórí tábìlì? Nítorí pé owó tí ó wọlé ní ọdún 2025, òfin àtijọ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2026 ni a ń jábọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kínní kan náà, arákùnrin wa ní láti fi òfin titun ṣírò owó oṣù tí a fẹ́ san, kí ó tún fi ti àtijọ́ parí ìjábọ̀ ọdún tí ó kọjá, èyí tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù náà tó kọjá. Ti ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta gẹ́gẹ́ bí àkókò tirẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìwé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ṣì lè di ohun tí àwọn aṣàyẹ̀wò yóò béèrè fún, nítorí náà òun kò ní gbé òfin tí ó ti gbó yẹn kúrò nílẹ̀ títí ọdún 2031 yóò fi kọjá. Bí mo bá mọ ìyẹn ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi, n kì bá má rò ohun tí mo rò.

Ti ẹ̀dà méjì tí mo rí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù Kejìlá 2025, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí òfin bẹ̀rẹ̀, aṣòfin kan dìde nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ó ní òun fi ohun tí a tẹ̀ sínú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba wé ohun tí Ilé dìbò fún, wọn kò sì bára mu. Lára ibi tí àwọn aṣàríwísí tọ́ka sí ni gbólóhùn kan tí ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ owó-orí lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga kọ́kọ́ fi ìdá 20 nínú 100 iye tí a ń jà lé lórí sílẹ̀. Ariwo gba ìlú. Àwọn kan ní kí a dá òfin náà dúró; Ààrẹ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní kò yẹ̀. Àwọn olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàṣẹ kí a tún òfin náà tẹ̀ sínú gàsẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tí Ilé Aṣojú-ṣòfin jẹ́rìí sí sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní 2026.

Ẹ rò ó wò: akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó ti fi oṣù mẹ́fà ka òfin kan láti páálí dé páálí tún wá ní láti béèrè bóyá èyí tí òun kà ni òfin. Ohun tí arákùnrin wa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà kan, ìka rẹ̀ wà nínú èkejì, ó sì ń fi báírò pupa sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀. Iṣẹ́ tí ń sú ènìyàn ni. Kò sì sí oníbàárà kankan tí yóò sanwó rẹ̀ fún un.

Mo bi í bí ó ti ń ṣe é tí ìyípadà kì í fi kọjá lára rẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, irú ìwé ńlá tí àwọn olùṣírò owó ń lò láyé àtijọ́. Ó fa ìlà sí i, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ti àkọ́kọ́ ni iye tàbí ìdá owó-orí wà. Ní èkejì, abala òfin tí ó ti rí i. Ní ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀kẹrin, ọjọ́ tí òun yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ó ní ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Iye tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, kì í fi í sínú lẹ́tà oníbàárà láìtún ṣí òfin wò. Ó fi ọ̀kan hàn mí: owó iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí a bá san fún ilé-iṣẹ́, ìdá 10 nínú 100 ni a máa ń yọ nínú rẹ̀ fún ìjọba kí a tó san ìyókù, ṣùgbọ́n ìlànà titun sọ ọ́ di ìdá 5 láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní 2025. Ìlà kan ni ó fà gba orí 10 kọjá, kò pa á rẹ́, kí ó lè máa rántí pé a ti yí i padà.

Kò sí nínú ìwé náà ohunkóhun tí ó wá láti WhatsApp. Ó wà lára ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń ka ohun tí wọ́n ń fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ohun tí a bá rí níbẹ̀ kàn ń sọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn lọ wò ni. Àlàyé tí àjọ agbowó-orí fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde pàápàá, ó ní èrò àjọ náà nípa òfin ni, kì í ṣe òfin. Ilé-ẹjọ́ lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sì lè yí ọ̀rọ̀ padà ní ọ̀sán kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt dájọ́ pé Ìpínlẹ̀ Rivers ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gba VAT ní ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe FIRS. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí gbogbo nǹkan dúró bí ó ti wà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, ọjọ́ 21 oṣù tí a máa ń san VAT dé, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń bi àwọn agbaninímọ̀ràn wọn pé ta ni kí àwọn san án fún. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn nìkan ní ìdáhùn kan; ẹni tí ó mọ̀ pé a ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní òmíràn.

Ẹgbẹ́ tí ń darí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, CITN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 tí ìjọba sì fún ní àṣẹ ní ọdún 1992, ń béèrè pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti lọ sí ìpàdé àlùfáà àti òṣìṣẹ́ ìjọ púpọ̀ mọ̀ pé ènìyàn lè wà nínú gbọ̀ngàn kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ìwé-ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan díwọ̀n ẹni tí mo bá fẹ́ gbé ìwé ìṣirò lé lọ́wọ́. N ó bi í pé ìgbà wo ni ó ṣí òfin fúnra rẹ̀ kẹ́yìn.

Apá mìíràn nínú iṣẹ́ náà wà tí a kì í kọ́ ní kíláàsì, òun ni láti lè ṣàlàyé ìyípadà fún ẹni tí yóò san owó. Ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlàyé bá wọ́n. Ní Abẹ́òkúta, owó-orí wà nínú ohun tí ó fa rògbòdìyàn Ẹ̀gbá ní 1918. Ní ìlú kan náà ní ìparí àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ lòdì sí owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní 1949. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní agbègbè Ìbàdàn ní 1968 sí 1969. Àìtó owó àti ìwà ipá àwọn agbowó-orí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dun ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti san owó tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún un ní èdè rẹ̀. Ohùn èké tí a gbọ́ nínú fóònù akápò rí ibi wọlé nítorí pé òtítọ́ kò tíì dé ibẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kínní, lẹ́tà ojú-ìwé méjì dé ọwọ́ akápò, ní èdè Yorùbá. Ìdámẹ́wàá àti ọrẹ kì í ṣe ohun tí a ń gba owó-orí lé lórí. Iṣẹ́ ìsìn àti iṣẹ́ àánú tí gbogbo ènìyàn ń jàǹfààní rẹ̀ wà lábẹ́ ìdásílẹ̀ nínú òfin titun gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìdásílẹ̀ náà kò kan èrè òwò. Bí ìjọ bá ní ilé ìtàwé tàbí ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tí ń pa èrè wọlé, èrè náà kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ìjọ ni ó ni í. Owó oṣù àlùfáà, olùkọ́, olùdárí orin àti ẹ̀ṣọ́ ọgbà jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ yọ owó-orí nínú rẹ̀ bí iye rẹ̀ bá dé ibi tí òfin sọ, kí a sì san án fún ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 10 oṣù tí ó tẹ̀lé e tó kọjá. Kò sí ẹni tí yóò yọ owó-orí láti inú àkáǹtì láìbéèrè. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àṣìgbọ́ náà ni ₦50 owó òǹtẹ̀ lórí owó tí ó tó ₦10,000 tí a bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì dé báǹkì: ẹni tí ó gba owó ni a ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ ni ó ń san án láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, kò sì kan owó oṣù.

Ó fi ìkìlọ̀ kan sí i tí akápò kò béèrè fún. Lábẹ́ òfin titun, ẹni tí ó bá kọ̀ láti jábọ̀ ní àkókò yóò san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Ó béèrè bóyá ìjábọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ fún ọdún 2025 ti lọ. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọwọ́sí rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò sínú òfin.

Ìjábọ̀ náà kò tíì lọ. Ọjọ́ 16 péré ni ó kù. Akápò pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí kálukú mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá, kí ẹni tí ó bá sì ń san owó ilé wá ìwé tí onílé kọ fún un.